Ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ tún ní èéyi: ṣé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Pàkátà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lọ́wọ́ ní agbo-ilé wa ní Pàkátà láti bí ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ó sì ti ń di ìjà láàárín àwa ìyàwó ilé, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Èéyi ti bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú agbo-ilé wa nìkan, ọmọ mẹ́ta ni ó ti mú, méjì nínú wọn sì ti gba abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ oṣù 9. Mo fi ojú ara mi rí káàdì wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ọmọ àbúrò ọkọ mi. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní àná. Wọ́n ti ta aṣọ dúdú bo fèrèsé nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú. Ojú náà pọ́n bí epo, ipin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn etí àti iwájú rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ sú kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ìyá rẹ̀ ń ki òwú bọ omi tí wọ́n ti sè tí ó sì ti tutù, ó ń fi nu ojú náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé pé, "Ẹ wò ó, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kí a gbà nìyí."

Ìyá ọkọ wa ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ní ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 7, tí wọn kò tíì tó ẹni tí ń gbà á, mo sì ní ẹ̀gbọ́n wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3, tí ó gba ẹyọ kan ní oṣù 9, tí n kò sì gbé padà lọ fún èkejì. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí méjì nínú mẹ́ta fi jẹ́ ẹni tí ó gbà á? Kí sì ni kí n ṣe fún àwọn ìbejì mi nísinsìnyí?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ọ̀fà

Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ náà sí. Ìbéèrè yín bọ́gbọ́n mu, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ó ń bi í. Gbogbo ibi tí èéyi bá ti bẹ́ sílẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti máa ń wáyé. Ohun tí ó ń da ojú ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn tí ó ṣàìsàn nìkan ni a máa ń kà. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, kò sí ẹni tí ó ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè káàdì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹlẹ́rìí tí a nílò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ 200 ni ó wà níbẹ̀, tí 180 ti gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ní oṣù 9, tí 20 kò gba ohunkóhun rí, tí èéyi wá wọ inú ilé-ìwé náà tí ó sì yí ká gbogbo wọn. Nínú ọmọ 10 tí kò ní ààbò tí ó bá wà nítòsí ẹni tí èéyi ń ṣe, bíi 9 ni yóò kó o. Nítorí náà, 18 nínú àwọn 20 yẹn ni yóò ṣàìsàn. Ní ti àwọn 180, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ní oṣù 9 máa ń dáàbò bo bíi 85 nínú 100, èyí tí ó já sí pé ọmọ 27 ni kò rí ààbò gbà láti inú rẹ̀, bíi 24 nínú wọn yóò sì ṣàìsàn. Ẹ ro ó pọ̀: ọmọ 42 ni ó dùbúlẹ̀, 24 nínú wọn sì ní káàdì. Ẹni tí ó bá ya ibẹ̀ yóò sọ pé àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn, òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n 156 nínú àwọn 180 ni ó ń sáré kiri lórí pápá, nígbà tí ó jẹ́ pé méjì péré ni ó ṣẹ́kù nínú 20. Ká ní ẹnikẹ́ni kò gba abẹ́rẹ́ rárá, ọmọ 180 ni ì bá dùbúlẹ̀. Bí àwọn 180 náà bá sì ti gba ẹ̀ẹ̀kejì, tí ààbò wọn dé 97 nínú 100, bíi márùn-ún péré nínú wọn ni yóò ṣàìsàn.

Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Ìbejì, ọmọ mélòó ni ó wà nínú agbo-ilé yín lápapọ̀, mélòó nínú wọn ni ó ní káàdì? Ẹ kà wọ́n kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Oníṣòwò Ìpata

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo gbọ́ ìṣirò yín, ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe òǹkà. Mo gba abẹ́rẹ́ fún àkọ́bí mi, èéyi sì tún mú un. Nígbà tí mo tún gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìlera kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi padà pé ọmọ tí ó wá kò tíì pọ̀ tó kí wọ́n ṣí ìgò. Mo pa ìsọ̀ mi tì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n fọkàn tán irú nǹkan bẹ́ẹ̀? A kò sì tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Kánò ní 1996. Mo tún gbọ́ pé ní erékùṣù kan ní ọ̀nà jíjìn, abẹ́rẹ́ èéyi yìí gan-an ni ó pa ọmọ méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé irọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Òró

Àbúrò mi láti Ìpata, irọ́ kọ́, n kò sì ní bo ohunkóhun mọ́ ọ lójú. Erékùṣù Samoa ni ibẹ̀, ọdún 2018 sì ni. Ọmọ ọwọ́ méjì kú ní kété tí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ èéyi kò ní ẹ̀bi: oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń mú kí iṣan ara dẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá, ni àwọn nọ́ọ̀sì fi pò ó dípò omi tí ó yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù. Ìjọba dá abẹ́rẹ́ náà dúró fún oṣù bíi mélòó kan, ìbẹ̀rù mú àwọn òbí, àwọn ọmọ tí kò gbà á sì wá pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tí èéyi wọ ibẹ̀ ní 2019, ènìyàn 83 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ará ibẹ̀ kò ju bíi 200,000 lọ, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ti Kánò ní 1996, oògùn àrùn yírùnyírùn tí ilé iṣẹ́ kan wá dán wò lára àwọn ọmọ ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìbínú tí ó tẹ̀lé e tọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ní ti ìgò tí wọn kò fẹ́ ṣí, ó dùn mí pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọ, nítorí mo mọ bí ó ṣe ń rí. Ìgò tí a sábà máa ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọmọ 10. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Omi tirẹ̀ tí ó bá a wá ni a fi ń pò ó, láti ìgbà tí a bá sì ti pò ó, wákàtí 6 péré ni ó ní, lẹ́yìn náà a gbọ́dọ̀ dà á nù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń dúró kí ọmọ pé. Ṣùgbọ́n ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wí ni pé kí wọ́n ṣí i kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni ó wá, pàápàá nígbà tí àrùn bá wà nílẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí a dà nù kò tó ọmọ tí a dá padà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, béèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí o sì sọ pé èéyi wà ní àdúgbò yín.

Mo tún fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí ẹ lè wò fúnra yín. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá abẹ́rẹ́ yìí, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, inú fóòmù tí ó wà lórí kúlà ni ó yẹ kí ìgò tí wọ́n ti ṣí dúró sí, kí yìnyín sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ó wà lórí tábìlì nínú oòrùn. Ó yẹ kí wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n ṣí i sí ara rẹ̀. Ẹ kò ní rí àbùkù nínú pé ẹ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, aago mélòó ni ẹ pò ó?" Abẹ́rẹ́ tí ooru ti pa kò ní dáàbò bo ọmọ, bẹ́ẹ̀ káàdì yóò sọ pé ó gbà á. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó fa ti àkọ́bí rẹ, àbúrò mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kódà abẹ́rẹ́ tí kò ní àbùkù rárá kì í mú lára ọmọ bíi 15 nínú 100 ní oṣù 9. Ohun tí ìyá fún ọmọ láti inú oyún, tí ó ń bá èéyi jà, ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn ní oṣù yẹn, a sì máa bá abẹ́rẹ́ náà jà bákan náà. Ẹni tí ó bá dúró di ọdún kan yóò rí ààbò tí ó ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, èéyi kì í dúró de ọmọ di ọdún kan. Nítorí náà ni a ṣe ń fún wọn ní oṣù 9, tí a sì tún ń fún wọn ní oṣù 15. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò tíì pẹ́ ní Nàìjíríà, láti 2019 síbí ni, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ìyá fi rò pé iṣẹ́ parí ní oṣù 9.

Bàbá Àgbà, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dàgbà kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ èéyi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ní ìgbà èwe mi, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ tí ooru ń dé, àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí a ya ilé ẹlòmíràn. Àbúrò mi obìnrin ni èéyi mú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì. Ikọ́ rẹ̀ ni mo ń rántí jù, àti bí ihò imú rẹ̀ ṣe ń ṣí tí ó ń pàdé bí ó ti ń wá èémí. Wọ́n fi omi ewé ejìnrìn wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àdí pa á lára, ẹnìkan sì fún omi ewé sí i lójú. Ó yè é, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́ títí di òní. Ọmọ mẹ́rin mìíràn ni a sin ní àdúgbò wa lọ́dún yẹn.

Dókítà òyìnbó kan, David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, rí bí èéyi ṣe ń pa àwọn ọmọ wa, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ náà wò lára àwọn ọmọ Yorùbá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1963. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a kàn gbé wá bá wa láìmọ bí yóò ṣe rí lára wa. Mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ohunkóhun sí ọmọ lójú.

Ọmọ Ìgbájà

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Kì í ṣe gbogbo ara sísú ni èéyi. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní rùbẹ́là jọ ọ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àrùn mìíràn tí ń mú ara ọmọ gbóná tí ó sì ń sú. Àyẹ̀wò, bí irú ti ẹ̀jẹ̀, ni ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi nìkan lè ní rùbẹ́là, àwọn aládùúgbò yóò sì pè é ní èéyi. Ìpolongo tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2025, fún àwọn ọmọ oṣù 9 títí dé àwọn tí kò tíì pé ọdún 15, fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gbá àwọn méjèèjì mú.

Ìyá Ìbejì, Pàkátà

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo mú bírò àti ìwé, mo sì ya iyàrá dé iyàrá. Láìka àwọn ìbejì mi tí wọn kò tíì tó gbà á, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 nínú agbo-ilé wa jẹ́ 23. Àwọn 19 ti gba abẹ́rẹ́ èéyi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan; 4 kò gbà á rí. Bí mo ti ń kà á ni mo rí i pé méjì nínú àwọn 4 náà, tí ara wọn le ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí, ti ń gbóná báyìí, tí ojú wọn sì pọ́n. Ní òwúrọ̀ òní, ẹ̀yìn etí wọn ti sú. Ìyẹn jẹ́ mẹ́ta nínú 4, àti méjì nínú 19. Àwọn 8 tí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀kankan tí ohunkóhun ṣe.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ọ̀fà

Ọmọ 23 kéré jù kí a fi búra, Ìyá Ìbejì, n kò sì ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí òǹkà yín kọjú sí náà ni ti àwọn ìlú tí a ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kọjú sí. Ẹ fi ìwé yẹn han ìyá ọkọ yín.

Àlùfáà Ọ̀dọ́, Ìlọrin

Mo kan fẹ́ fi kún un, nítorí mo mọ̀ pé ní àdúgbò yín, wọ́n lè fi ẹ̀sìn dá a dúró. Ẹni tí ó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ohun tí Ànábì sọ fún un ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Bí ìyá ọkọ yín bá fẹ́ kí Àlùfáà kan bá wọn sọ ọ́, kí wọ́n ránṣẹ́, a ó wá.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Òró

Ìyá Ìbejì, ó kù ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì. Nígbà tí èéyi bá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè fún ọmọ láti oṣù 6, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé èyí kì í ṣe ìkan nínú méjì tí ó yẹ kí ó gbà. Ẹ ó tún gbé wọn lọ ní oṣù 9, ẹ ó sì gbé wọn lọ ní oṣù 15. Ẹ ṣàlàyé fún ilé ìlera pé èéyi wà nínú agbo-ilé yín. Ẹ̀gbọ́n wọn, kí ó gba ẹ̀ẹ̀kejì lọ́la, kò ní láti dúró de ohunkóhun.

Nísinsìnyí, ohun tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù nígbà tí a bá ń gún abẹ́rẹ́ láàárín àrùn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Láti ìgbà tí ọmọ bá kó èéyi títí di ìgbà tí ara rẹ̀ yóò sú, bí ọjọ́ 10 sí 14 ni, ẹni tí ó ní i sì ti ń kó o ran ẹlòmíràn ní ọjọ́ 4 kí tirẹ̀ tó sú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri. Kòkòrò náà lè wà nínú iyàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ yín ti kó o kí ẹ tó gbé wọn lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá bá ọmọ láàárín wákàtí 72 tí ó pàdé àrùn náà, ó lè dá a dúró, tàbí kí ó mú kí ó rọrùn. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kò burú kí ó gbà á, nítorí bóyá kò tíì kó o, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá sú ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ni ó fún un. Ẹ ka ọjọ́ náà sẹ́yìn fún wọn. Ọmọ díẹ̀ sì máa ń ní ibà, tàbí kí ara wọn sú fẹ́ẹ́rẹ́, ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ìyẹn kì í ran ẹlòmíràn, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Àwọn márùn-ún tí ó ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe fi wọ́n sílé lásán. Kí wọ́n gba fítámìn A ní ilé ìlera, lónìí àti lọ́la, nítorí ó ń dáàbò bo ojú, ó sì ń dín ikú kù. Ẹ má ṣe fún wọn fúnra yín, nítorí ọjọ́ orí ọmọ ni a fi ń wọn ìwọ̀n rẹ̀: IU 100,000 (IU ni ẹyọ tí a fi ń wọn fítámìn náà) fún ọmọ oṣù 6 sí 11, IU 200,000 fún àwọn tí ó ti pé ọdún kan. Kí wọ́n jẹ ẹyin àti ẹja. Àṣà pé kí aláìsàn èéyi má jẹ ẹran ń pa ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí i pé ìhà ọmọ ń wọlé bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, tàbí tí gìrì ń mú un, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Oníṣòwò Ìpata

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́ pé ẹ kò bú mi. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n dá padà yẹn ti pé ọdún méjì báyìí, kò sì tíì gba ọ̀kankan. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Òró

Kò pẹ́ jù rárá. Kí ó gba ọ̀kan lọ́la, kí ó sì gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì, Pàkátà

A lọ ní òwúrọ̀ yìí. Ìyá ọkọ wa gbọ́ òǹkà náà, wọn kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé àwọn ìbejì, pé àwọn yóò gbé ẹ̀gbọ́n wọn. Ìgò náà wà nínú fóòmù. Wọ́n fi bírò kọ "9:40" sí ara rẹ̀, mo sì béèrè, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní inú òun dùn pé mo béèrè. Apá òsì ni wọ́n gún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Àwọn aláìsàn márààrún ti gba fítámìn A àkọ́kọ́, ọmọ àbúrò ọkọ mi sì ti la ojú rẹ̀ ní ọ̀sán yìí, ó ní kí wọ́n ká aṣọ fèrèsé sókè díẹ̀. Ó ku ọmọ kan tí kò gba abẹ́rẹ́ rí tí kò sì tíì ṣàìsàn. Bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn-àjò ní Jẹ́bà, wọ́n sì ń dúró dè é. Mo ti pe bàbá náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì tún pè é lálẹ́ òní.